Rélùwéè Eléèédú Ni Ọkọ Mi Fẹ́ Kó Mi Lọ Bá ní Wales

Ẹ̀yin ará mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tèmi, nítorí ọ̀rọ̀ tó wà lọ́rùn mi yìí, bí mo bá sọ ọ́ fún àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́, ẹ̀rín ni wọ́n ń fi mí rín. Mo jókòó sí kíṣìnnì mi ní Thamesmead báyìí, mò ń wo páálí tí ọkọ mi kó wálé láti fi di ẹrù, mi ò sì mọ̀ bóyá kí n fà á ya ni tàbí kí n jókòó lé e lórí kí n máa sunkún. Kì í ṣe pé ọkọ mi ń lù mí o. Kì í mutí. Kò sì gbé obìnrin kankan. Ká ní obìnrin ni, ǹ bá mọ ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀ ìjà. Rélùwéè ni! Rélùwéè kékeré kan báyìí, tó ń jẹ èédú, tó ń rú èéfín, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ gun òkè ní Wales, òun ló gba ọkọ lọ́wọ́ mi, ó wá ku kó gba èmi náà. Ọkọ mi ní kí n fi Thamesmead sílẹ̀, kí n fi ìjọ mi ní Woolwich sílẹ̀, kí n gbàgbé ilé tá a ń kọ́ sí Iléṣà, ká lọ máa gbé lẹ́bàá rélùwéè yẹn títí a ó fi kú. Ó fẹ́ gbọ́ èsì mi kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Ohun tó sì dí mi lẹ́nu ni pé ẹnu èmi yìí náà ni mo fi sọ níwájú Ọlọ́run àti ènìyàn pé màá lọ. Ẹnu ẹyẹ ní í pa ẹyẹ.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ níbi tó yẹ. Bàbá Ṣèyí ni wọ́n ń pe ọkọ mi. Tíṣà ni ní Iléṣà ká tó wá sí London. Nígbà tá a dé ibí, bọ́ọ̀sì ló ń wà, láti Thamesmead lọ sí Woolwich, láti Woolwich padà sí Thamesmead, lójoojúmọ́ ayé. Èmi ní tèmi, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Abbey Wood ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ọmọ kan ṣoṣo lá a bí, Ṣèyí, ó ti dàgbà, ó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì nígboro London. Ìjọ aláṣọ funfun ni wá. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ wa ní Woolwich lọ́jọ́ ìsinmi, ẹ ó rí bàtà rẹpẹtẹ lẹ́nu ọ̀nà, tèmi àti ti ọkọ mi máa wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tá a sì jọ ń sọ láti ìgbà tá a ti dé ni pé bí iṣẹ́ bá ti parí, ilé yá. Ilé làbọ̀ sinmi oko. Ilé tá a ń kọ́ ti dé òrùlé. Mo ti mọ yàrá tó máa jẹ́ tèmi, mo ti mọ ibi tí màá gbin ewúro sí lẹ́yìnkùlé. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbé ládùúgbò yẹn, ó ní òun ń retí mi ká jọ máa jókòó síta nírọ̀lẹ́, ká máa bú àwọn tó ń kọjá. Ṣé mo béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ lọ́wọ́ Ọlọ́run?

Òyìnbó kan tí òun àti ọkọ mi jọ ń wa bọ́ọ̀sì ló dá wàhálà sílẹ̀. Ọmọ Wales ni. Ọlọ́run á bá mi bi í. Nígbà tí wọ́n ṣì ń wó ibùdókọ̀ Abbey Wood tí wọ́n ń tún un kọ́, tí gbogbo wa ń ráhùn rélùwéè tí kò dé Thamesmead wa, ọkùnrin yìí ní kí ọkọ mi tẹ̀lé òun lọ sílé lọ́jọ́ tí iṣẹ́ ò sí, kó lọ wo rélùwéè gidi. Ó lọ. Nígbà tó dé, èéfín ti ba kọ́là rẹ̀ jẹ́, ojú rẹ̀ ń dán bí ojú ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Kò tíì bọ́ bàtà tó ti bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Ó ní láyé àtijọ́, òkúta pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń bo òrùlé ni ọkọ̀ yẹn ń kó láti orí òkè wá sétí òkun. Ó ní nígbà tí iṣẹ́ òkúta kú, wọ́n pa ọkọ̀ tì, igbó bo ojú irin. Ni àwọn òyìnbó kan tí wọn ò rí nǹkan ṣe bá kóra wọn jọ, wọ́n ń ṣán igbó, wọ́n ń to irin, wọ́n ń dán ẹ́ńjìnnì, títí ọkọ̀ fi tún ń rìn. Ó ní irin náà tóóró débi pé ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ kan sí apá ọ̀tún kó fi ìkejì sí òsì. Mo ní ó dáa, ẹ kú ìrìn, ẹ wá jẹun. Mo rò pé ó ti parí síbẹ̀.

Kò parí o. Ìgbàkígbà tó bá ti ní ìsinmi ọjọ́ méjì léra wọn, Wales yá. Kí ló ń lọ ṣe níbẹ̀? Iṣẹ́! Ẹni tó ti wa bọ́ọ̀sì látòwúrọ̀ dalẹ́ fún odidi ọ̀sẹ̀, á tún rin ìrìn ìdajì ọjọ́ kó lè lọ ṣiṣẹ́. Ṣé wọ́n ń fún un ní kọ́bọ̀? Wọn ò fún un. Ọ̀fẹ́ ni. Àwọn arúgbó ibẹ̀ náà, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń ṣe é, ìyẹn ló sì dùn mọ́ ọn jù. Ó ń kó eérú lábẹ́ ẹ́ńjìnnì. Ó ń fi àkísà nu idẹ. Ó ń kun ara ọkọ̀ lọ́dà. Ọkùnrin tó jẹ́ pé bí mo bá ní kó bá mi da ilẹ̀ nù, ẹ̀yìn á máa dùn ún! Ìjọ ní kí àwọn ọkùnrin wá tún ìdí pẹpẹ kùn, Bàbá Ṣèyí ní apá ń ro òun. Tó bá wà nílé ńkọ́, fídíò rélùwéè ló ń wò. Bá a bá ń jẹun, á máa ṣàlàyé fún mi bí omi ṣe ń di ooru tí ooru ṣe ń ti irin. Mo ní èmi mọ bí omi ṣe ń hó, Bàbá Ṣèyí, èmi ni mò ń se ẹran tẹ́ ẹ̀ ń jẹ. Ó tún lọ ju aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ sùtánà wa nínú ẹ̀rọ ìfọṣọ. Aṣọ funfun di aláwọ̀ eérú. Ẹ̀yìn pátápátá ni mo jókòó sí lọ́jọ́ ìsinmi yẹn, lẹ́bàá ilẹ̀kùn, bí ẹni tí wọ́n fi sábẹ́ ìbáwí.

Mo ṣì ń gbé ìyẹn mì lọ́wọ́ tí ti fóònù fi ṣẹlẹ̀. Ó ti gbà á sílẹ̀, igbe tí ọkọ̀ yẹn máa ń ké bó bá fẹ́ gbéra, ó sì fi í ṣe ohùn fóònù rẹ̀. Wòlíì wa ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, gbogbo ìjọ dojúbolẹ̀, ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Wòlíì ní ká múra sílẹ̀, pé kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tàbí wákàtí. Ẹnu rẹ̀ lọ̀rọ̀ ṣì wà tí fèrè fi dún láàárín wa. Ìyá àgbà kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi rò pé fèrè ìkẹyìn ni. Ó ní, "Olúwa, mo ti ṣetán," ó sì nà gbalaja sílẹ̀. Àwọn mìíràn ti bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún ẹ̀ṣẹ̀ wọn. Ọkọ mi ń tú inú sùtánà, ó ń wá fóònù, fèrè ń dún lọ. Títí di òní, bí mo bá ń kọjá, àwọn ọmọ kọ́yà á máa fẹnu fun fèrè lẹ́yìn mi. Màmá Àdúrà, tí í ṣe olórí àwa obìnrin nínú ìjọ, wá pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní ṣé ó dá mi lójú pé kò sí obìnrin ní Wales yẹn. Mo ní Màmá, ẹ bá mi gbàdúrà kó jẹ́ obìnrin ni.

Lẹ́yìn náà ni àìsàn dé. Ọkọ mi gbé bọ́ọ̀sì padà sí gáréèjì lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bó ṣe sọ̀kalẹ̀ báyìí ni àyà dì í mú, ó ṣubú lulẹ̀. Nígbà tí mo dé ọsibítù, wáyà ló kún ara rẹ̀. Wọ́n ní àfi kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ọkàn rẹ̀, wọn ò sì bá mi purọ́ pé kò léwu. Orí mi fò lọ. Mi ò mọ bí mo ṣe dé ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀yin tí ẹ mọ irú ìjọ wa, ẹ mọ̀ pé bí ọ̀rọ̀ bá ti ká ènìyàn lára, ẹ̀jẹ́ là ń jẹ́. Ẹnìkan á ní òun á máa gbá ilé Ọlọ́run fọ́dún kan. Ẹlòmíì á ní òun á máa ra àbẹ́là. Èmi wo gbogbo ìyẹn, ó kéré lójú mi. Mo kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ, àbẹ́là ń kán sí mi lọ́wọ́, àwọn ará ń ṣe àmín lé mi lórí. Mo ní Olúwa, bí O bá dá ẹ̀mí ọkọ mi padà fún mi, ibikíbi tó bá ní ká lọ gbé, n ó bá a lọ, n ò ní jiyàn.

Ẹ má pè mí ní òmùgọ̀. Ohun tí mò ń sọ yé mi lọ́jọ́ yẹn. Láti ọdún mélòó kan ṣáájú ìgbà tí rélùwéè wọ inú ọ̀rọ̀ wa, òun ló máa ń ní ká tètè palẹ̀ mọ́ ká máa lọ sí Iléṣà, èmi ni mo máa ń ní ká ní sùúrù díẹ̀, kí Ṣèyí fẹsẹ̀ múlẹ̀ ná. Ìyẹn ni mo gbé sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Mo ní tó bá ti yè, bó bá ní lọ́la gan-an ni ká wọ ọkọ̀ òfuurufú, mi ò ní sọ pé ká dúró de ọmọ mọ́. Iléṣà ló wà lọ́kàn mi. Ṣé ibòmíì wà tí ọmọ Iléṣà tún máa ń lọ gbé bó bá darúgbó ni?

Ọlọ́run ṣe é. Iṣẹ́ abẹ yọrí sí rere, ọkọ mi jí, ó padà wálé. Lọ́jọ́ ìdúpẹ́, mo gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, mo tún ẹ̀jẹ́ yẹn sọ lójú gbogbo ìjọ látòkèdélẹ̀. Wọ́n kígbe halelúyà. Ọkọ mi jókòó níwájú, ó fọwọ́ lé àyà, ó ń wò mí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Èmi náà ń sunkún ayọ̀. Ẹyin lohùn, ẹ̀yin ará mi, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Dókítà ní kò gbọdọ̀ wa bọ́ọ̀sì mọ́, nítorí náà ó fẹ̀yìn tì. Inú mi dùn. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ra nǹkan díẹ̀díẹ̀ pamọ́ fún ilé. Lọ́sàn-án ọjọ́ ìsinmi kan, lẹ́yìn tá a jẹ ìrẹsì tán, ó ní, "Ìyá Ṣèyí, mo ti rí ibi tá a máa gbé." Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ṣé kì í ṣe Iléṣà ni, ilé wa kúkú ti wà níbẹ̀. Ó na fóònù sí mi. Ilé olókùúta kékeré kan ni mo rí, ó rí dúdú, òkè wà lẹ́yìn rẹ̀, òjò ń rọ̀ nínú fọ́tò. Nínú fọ́tò, ẹ̀yin èèyàn mi! Ẹni tó fẹ́ fi ilé han èèyàn, ṣé kò lè dúró kí òjò dá ni? Ó ní rélùwéè ń kọjá lẹ́yìn ọgbà. Ó ní wọ́n ti ní kí òun wá máa ṣe gáàdì, ẹni tó ń ju àsíá tí ọkọ̀ fi ń gbéra. Ó ní òun mọ̀ pé mi ò ní jiyàn.

Mo pe Ṣèyí lórí fóònù kó bá mi bá bàbá rẹ̀ wí. Ọmọ yẹn ní, "Mummy, but o sọ ọ́ ní church. Gbogbo wa la gbọ́ ẹ." Ọmọ tá a bí sí London, kò mọ "ẹ" yàtọ̀ sí "o", ẹ̀jẹ́ ìyá rẹ̀ ló wá mọ̀. Mo bá gba ọ̀dọ̀ Màmá Àdúrà lọ, mo ní kí wọ́n bá mi tú ẹ̀jẹ́ yìí. Mo ṣàlàyé pé Iléṣà ni mo ní lọ́kàn, Ọlọ́run tó ń rí inú ọkàn sì mọ̀. Màmá ní Ọlọ́run ti ṣe tirẹ̀ láìbi mí léèrè ohun tí mo ní lọ́kàn. Wọ́n ní Jẹfta inú Bíbélì náà ò mọ̀ pé ọmọ òun ló máa kọ́kọ́ jáde pàdé òun, ó sì fi ọmọ náà san ẹ̀jẹ́ rẹ̀, kí n dúpẹ́ pé Wales lásán ni tèmi. Ẹ gbọ́ ìtùnú!

Mo pinnu pé màá lọ wo ibẹ̀ fúnra mi, kí n lè rí àléébù tí màá tò síwájú ọkọ mi. Mo sì rí i. Òjò ò dá láti ìgbà tá a dé. Mi ò rí ẹni tó lè tà mí ní ata gidi. Ìjọ wa ò sí níbẹ̀, kò sí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń kúnlẹ̀ kí èèyàn. Ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ kéré débi pé orúnkún mi ń kan orúnkún òyìnbó tó dojú kọ mí, ewéko ń nà mí lójú láti ojú fèrèsé, èéfín ń wọ inú ìbòrùn mi. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ gun òkè bí àwọn arúgbó mi ní Abbey Wood. Ìbínú ń ru nínú mi. Mo yọjú síta kí n lè rí ibi tá a dé, ni mo rí àwọn èèyàn. Obìnrin tó ń sá aṣọ sábẹ́ ilé nítorí òjò dúró, ó juwọ́. Ìdílé kan dúró lórí afárá, gbogbo wọn ń juwọ́. Bàbá kan tó mú ajá dání ṣí fìlà. Mo wẹ̀yìn, mo rí ọkọ mi nínú aṣọ gáàdì tí wọ́n fún un fi kọ́ṣẹ́, lójú fèrèsé tó kẹ́yìn, ó ń juwọ́ padà sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń rẹ́rìn-ín tí mi ò rí lójú rẹ̀ láti ọjọ́ ìkómọ Ṣèyí. Èmi ò juwọ́ sí ẹnikẹ́ni.

Nígbà tá a sọ̀kalẹ̀, mo ká a mọ́ abẹ́ òrùlé ibùdókọ̀. Mo ní, "Bàbá Ṣèyí, ẹ dákun, kí lẹ rí nínú nǹkan yìí?"

Kò bínú. Ó nu ojú rẹ̀, ó ní, "Gbogbo ọdún tí mo fi wa bọ́ọ̀sì ní Thamesmead, kò sẹ́ni tó juwọ́ sí mi rí. Bí mo bá dé, wọ́n á ní mo pẹ́. Bí mo bá lọ, wọ́n á bú mi pé mi ò dúró. Ìwọ náà rí wọn lónìí."

Mo ní Iléṣà ńkọ́, ṣé wọn ò ní juwọ́ sí yín ní Iléṣà ni? Ó ní, "Ẹni tó ti London dé ni wọ́n máa juwọ́ sí. Gbogbo ohun tí wọ́n rò pé mo jẹ́ ní London, mi ò jẹ́ ẹ. Ó ti rẹ̀ mí kí n tó débẹ̀." Ó wá ní, "Ẹ̀jẹ́ tí o jẹ́ yẹn, èmi kọ́ lo jẹ́ ẹ fún, mi ò ní fi dè ọ́. Bó bá jẹ́ Iléṣà lo fẹ́, máa lọ, màá máa wá kí ọ. Àmọ́ èmi, ibí ni màá wà. Sọ ọ̀kan fún mi kí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tó parí."

Ṣé ẹ rí ọkùnrin yẹn? Ká ní ó pàṣẹ fún mi ni, ǹ bá pe ẹbí jọ. Ká ní ó fi ẹ̀jẹ́ mi dẹ́rù bà mí, ǹ bá mọ èsì tí màá fọ̀. Ó tú mi sílẹ̀, ó wá dè mí le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Láti ìgbà tá a ti padà dé ni mo ti ń bínú. Mo bínú sí òun, mo bínú sí òyìnbó ọmọ Wales, mo bínú sí Màmá Àdúrà àti Jẹfta wọn. Ẹni kan ṣoṣo tí mi ò rí bínú sí ni Ọlọ́run, nítorí ohun tí mo bẹ̀ Ẹ́ gan-an ló ṣe. Mo ní kó dá ẹ̀mí ọkọ mi padà, ó sì dá a padà. Ẹni tó ni ẹ̀mí ló dá a padà fún. Èmi ni mo ti rò pé èmi ló dá a padà fún.

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Àjò kì í dùn kí onílé má relé, mo mọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ń retí mi, ara òun náà ò sì le bíi ti tẹ́lẹ̀. Ṣé kí n lọ bá a, kí n fi ọkùnrin tó ní àpá abẹ láyà sílẹ̀ kó máa dá gbé lórí òkè olójò? Àbí kí n bá a lọ, kí n máa wo òjò láti ojú fèrèsé, kí n máa gbọ́ fèrè lójoojúmọ́ títí ọ̀kan nínú wa á fi kú? Ẹ má wulẹ̀ sọ fún mi pé á sú u. Kò ní sú u, mo ti rí ojú rẹ̀. Àmọ́ ẹ̀yin obìnrin ẹlẹgbẹ́ mi, bí ọkọ yín bá dùbúlẹ̀ àìsàn, kí ẹ tó sáré lọ kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ, ẹ kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, kí ẹ bi í pé bó bá dìde, níbo ni òun fúnra rẹ̀ ń fẹ́ láti lọ. Ní gbogbo ọdún tá a fi jọ wà, mi ò bi í rí.